Gàárì Ẹnì Kan Ṣoṣo

Àrúnà Mefire kò tíì nu omi àlùwàlá kúrò lójú tán nígbà tí Salifu awakọ̀ ju àga náà sílẹ̀ níwájú àtíbàbà rẹ̀, gbì! Eruku pupa inú gáréèjì ta sókè, ó sì bà sára aṣọ funfun tí bàbá náà fẹ́ fi kírun.

"Bàbá Ládàánì, ẹ kú ọ̀sán o. Nji tó ni ọkọ̀ ló ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní kí ẹ ṣe é bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ lè jáde ní Jímọ̀."

Mefire wo àga náà. Àga iwájú ni, èyí tí awakọ̀ ń jókòó sí. Awọ rẹ̀ ti ya láti ibi ìfẹ̀yìntì dé ìsàlẹ̀, fóòmù ti yọ síta bí ìfun ẹran, sípíríǹgì méjì sì ti gún ìdí àga jáde. Ní apá òsì, níbi tí àga náà ti fẹ̀ ju bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe dá a lọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, ó ti dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni ojú rẹ̀ dúró sí. Gbogbo ara àga ti túká, ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi rán apá òsì yẹn kò já. Okùn abẹ́rẹ́ méjì ni, tí wọ́n fi ìda oyin pa, ó sì dúró ṣinṣin bí ọjọ́ tí wọ́n rán an. Ní gbogbo Fumban, kò sí ẹlòmíràn tó ń rán irú rẹ̀. Ọwọ́ òun ni.

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Bàbá."

"Pẹ̀lú ti dẹ́rẹ́bà kékeré?"

Salifu bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kí a wá fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn ni? Bàbá, atẹ́gùn kì í sanwó ọkọ̀ o."

"Salifu, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ẹ mọ ẹni tó ni ín, Bàbá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí o fi ẹnu ara rẹ dárúkọ rẹ̀ ni."

"Tíṣà Àwáwù."

"O kò tilẹ̀ da omi sí i."

"Ṣebí awọ náà lẹ máa bó dànù, Bàbá? Kí ni mo fẹ́ máa fọ̀ sí?"

Mefire yí ẹ̀yìn sí i. Bó bá lanu, ohun tó máa jáde kò yẹ ẹni tó ti ṣe àlùwàlá. Ó wọ inú mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sétí, ó pe ìrun Àílà. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà ní gáréèjì wo ara wọn lójú. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn yẹn. Wọn kò gbọ́ ọ rí kó gbọ̀n.

Dẹ́rẹ́bà kékeré kì í wakọ̀. Èrò ni, bí èrò yòókù. Ibi tí wọ́n ń fi í sí ló fún un lórúkọ: orí àga awakọ̀ fúnra rẹ̀, láàárín awakọ̀ àti ilẹ̀kùn. Awakọ̀ á sún sí àárín, á fi ìdí ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, á sì máa wá jíà láàárín itan ẹni ẹlẹ́ni. Méjì lórí àga awakọ̀, méjì lórí àga kejì, mẹ́rin lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń kún láti Fumban dé Bafusam, bí kò bá sì tíì kún bẹ́ẹ̀, kò ní í gbéra. Kò sẹ́ni tó ń ṣe hà sí i. Olówó ọkọ̀ fẹ́ ẹ, awakọ̀ gbà á, èrò tó ń kánjú ń dúpẹ́ lórí ẹ̀.

Ọmọ oní-gàárì ni Mefire. Pefura, bàbá rẹ̀, ló ń ṣe gàárì fún àwọn ìjòyè tó ń gun ẹṣin lọ sí yídì lọ́jọ́ Ìtúnu Àwẹ̀. Lábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìda oyin pa okùn, àti bí a ṣe ń ti abẹ́rẹ́ méjì bọ ihò kan ṣoṣo, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, tó fi jẹ́ pé bí okùn kan bá já, èkejì á dì í mú. Ìjòyè kan wá bá Pefura nígbà kan pé kó ṣe gàárì gígùn fún òun, kí ìyàwó òun kékeré lè máa jókòó sẹ́yìn òun. Pefura kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Gàárì ẹnì kan ni gàárì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó, kó ra ẹṣin kejì." Ìjòyè bínú lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọkà àgbàdo lásán ni wọ́n jẹ nílé, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́ njapche. Inú ọmọdékùnrin náà ru sí bàbá rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló lè pa ẹṣin nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìpòrokà.

Ẹṣin dín kù, ọkọ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí Pefura kú, Mefire lọ sí Bafusam, ó kọ́ iṣẹ́ àga ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké, tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó padà wálé, ó pa àtíbàbà sí etí gáréèjì, lórí ilẹ̀ Nji Munchili. Nji yìí àti òun jọ kọ́ Àlùkùránì lábẹ́ lèmọ́mù kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnìkejì joyè Nji, ó ra ọkọ̀, ọkọ̀ sì bí ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí kékeré sí ibẹ̀, wọ́n ní kí Mefire máa pe ìrun. Ó ka èyí sí ọlá tó ju oyè lọ.

Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ṣe ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé àga awakọ̀ wá bá a, ibì kan náà ló sì ń ya nígbà gbogbo: apá òsì, níbi tí dẹ́rẹ́bà kékeré ń fi ìdí sí. Irin àga á ti gba inú fóòmù yọ, á ti ya aṣọ èrò, á ti gún ìdí ìyá arúgbó. Àánú wọn ṣe é. Ó gé pákó líle, ó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga kó lè fẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó tẹ́ fóòmù méjì lé e, ó fi awọ bò ó, ó sì fi ìránṣọ gàárì bàbá rẹ̀ rán an. Ó wí Bísímílláhì kó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, sàráà lòun ń ṣe. Kò pẹ́ tí gbogbo gáréèjì fi ń bèèrè fún un, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àga náà. Èrò á dé, á ní, "Ṣé Mefire wà nínú ọkọ̀ yìí?" Bí wọ́n bá ní ó wà, á gun ọkọ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn bó bá gbọ́ ọ. Ẹ má dá a lẹ́bi, ta ni inú rẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó rọ èèyàn lọ́rùn?

Àfi bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó lé díẹ̀ lóṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí Salifu gbé àga wá. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò Nun, ọlọ́kadà kan já wọ ojú títì láìwò. Salifu fẹ́ yí sítíárìn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ há mọ́ àyà Àwáwù Njikam, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Kutaba, tó jókòó sí ipò dẹ́rẹ́bà kékeré. Sítíárìn yí dé ìdajì, ó dúró. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lu ògiri afárá gọ́tà, ilẹ̀kùn ṣí, Àwáwù sì ni ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù dìde, wọ́n gbọn ẹrẹ̀ nù. Egungun ìbàdí tirẹ̀ ti ṣẹ́.

Ní Jímọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, Nji Munchili dìde ní sàfú àkọ́kọ́, ìlà tó wà níwájú. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kú. Kádàrá ni. Ewé kan kì í já lórí igi láìjẹ́ pé Ọlọ́run mọ̀ sí i." Gbogbo mọ́ṣáláṣí wí pé, "Àmín." Mefire náà wí i. Láti ọjọ́ náà ni Àmín yẹn ti dúró sí i lọ́fun bí eegun ẹja.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì ni. Ohun tó ń dun bàbá náà gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni Nji pa, ì bá rọrùn láti kọ̀ ọ́.

Bó ṣe kí ìrun Àlàásárì tán lọ́jọ́ tí Salifu ju àga sílẹ̀ yìí, ó ra ṣúgà, ó gba ilé ìyá Àwáwù lọ. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà dé láti ilé ìwòsàn Bafusam. Lórí ẹní ìbùsùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, àpò iyanrìn ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé yí i ká, ó ń fi bírò pupa máàkì wọn.

"Ìyá, ẹ gbé àpótí fún Bàbá Ládàánì," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé àpótí tiwa kì í gba ẹni méjì o."

"Àwáwù!" ni ìyá rẹ̀ pariwo. "Àgbàlagbà lò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ṣebí mò ń ṣeré ni, Ìyá."

Mefire jókòó. Ó gbé ṣúgà kalẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ọ ní àlàáfíà. Ohun tó bá jẹ́ kádàrá..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí ẹ̀." Kò pariwo. Ó kàn fi bírò sílẹ̀ ni. "Ẹni kejìlélógójì lẹ̀yin. Mò ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìṣirò ọmọ kan níbí. Nji fi ìrẹsì àti kádàrá ránṣẹ́. Salifu gbé ọsàn àti kádàrá wá. Kò tíì sí ẹnì kan tó gbé pákó wá."

"Pákó wo?"

"Pákó tí mo jókòó lé. Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ méjì ló wà ní gáréèjì. Ti àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, dẹ́rẹ́bà kékeré ló kù. Mo wò ó, irin lásán ni, ó ti ya aṣọ mi rí. Mo ní n kò wọ̀ ọ́. Mo dúró de ti Salifu torí Mefire ló wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó rọ̀, Bàbá. Ó rọ̀ bí ibùsùn ìyàwó tuntun. Oorun tilẹ̀ ti ń gbé mi lọ."

Ìyá rẹ̀ wolẹ̀. Mefire náà wolẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó bú u ni, ì bá mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ọmọ yìí fi gún un.

Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé. Ó ń bínú sí Salifu, tó gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wá láìfi omi kàn án. Ó ń bínú sí Nji, tó jókòó ní sàfú àkọ́kọ́ tó ń fi Ọlọ́run ṣe aṣọ ìnuwọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ilé, ìbínú náà yí ojú padà, ó kan ilẹ̀kùn òun alára. Ta ló dá irin dúró kó má lè máa gún àwọn èèyàn nídìí mọ́? Irin yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀, ìkìlọ̀ ni ì bá jẹ́. Irin ń sọ fún wọn pé, ẹ kúrò níbí, ibí yìí kì í ṣe ibi ìjókòó. Òun ló wá fi fóòmù dí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bomi sí ẹ̀jẹ̀ náà, ó fọ̀ ọ́ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ju awọ náà nù. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀bẹ sí ìránṣọ ara rẹ̀. Okùn náà le. Ó ń gé ọ̀kan, èkejì ń dì í mú, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó lágùn kó tó tú tán. Ó yọ pákó, ó fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́, ó fún ìyá tó ń yan ẹ̀pà pé kó fi dáná. Ó gbé irin àga lọ bá wẹ́dà, wọ́n jó ibi tó ti ṣẹ́ pọ̀. Ó ra sípíríǹgì, ó ra fóòmù tó le.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ iyàrá, ó gbé gàárì kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kúrò lára ògiri. Awọ rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n igi inú rẹ̀ ṣì dára. Gàárì àwọn ìjòyè ní ìwo níwájú, ó ní ìwo lẹ́yìn, ẹni tó wà láàárín wọn kò lè yẹ̀. Mefire wò ó títí. Ó gbẹ́ igi méjì bíi tirẹ̀, kò fi wọ́n síwájú, kò fi wọ́n sẹ́yìn. Ọ̀tún àti òsì ló kàn wọ́n mọ́. Ìwo kọ̀ọ̀kan yọ sókè ní ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó fi awọ tín-ínrín bò wọ́n, kò fi fóòmù kankan sí wọn. Ẹni tó bá fi ìdí lé e, ìdí rẹ̀ ni yóò ròyìn fún un.

Bó ṣe ń ti abẹ́rẹ́ méjì náà bọ ihò, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lábẹ́nu. Ìwọ tí O kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ó wí, ṣé abẹ́rẹ́ mi ni kálámù Rẹ? Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tí O kò jẹ́ kó gún mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ojú mi lè là? Mo wí Bísímílláhì, O sì gbọ́ mi. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ariwo àwọn tó ń pe èrò, "Fumbot! Fumbot! Ó ku ẹnì kan!" Ó fa okùn le, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Jímọ̀ pé. Salifu wá gbé àga, ó rí i, ó kígbe, "Hẹ̀ẹ́! Bàbá! Ẹ ti pa mí!" Kó tó dé ìdí ọkọ̀, Nji Munchili ti dé nínú aṣọ ńlá aláràbarà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó yí àga náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Àrúnà, ta ló fẹ́ gun ẹṣin? Ọkọ̀ ni mo ní o. N kò ní ẹṣin."

"Àga ni, Nji. Àga ẹnì kan."

"Ta ló bá ọ sọ ẹnì kan? Mo ní kí o ṣe é bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe ṣe é. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì ti tún un ṣe."

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ìyá ẹlẹ́pà ní, "Òótọ́ ni Bàbá Ládàánì sọ!" Ọkùnrin olóbì kan tó sanra, tó ń dúró de ọkọ̀, dá a lóhùn, "Òótọ́ wo? Ṣé òótọ́ ló máa gbé mi dé Fumbot kí ọjà tó tú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tún ní, "Bàbá yìí fẹ́ máa yan ibi tí a ó máa fi ìdí sí fún wa ni. Ṣé ìdí rẹ̀ ni?"

Nji gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó tí gáréèjì kò fi ní í gbọ́.

"Ìwọ ládàánì. Ìwọ tó ń pè wá sí ìrun. Ṣé o kò wá gba kádàrá gbọ́ mọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè lásán. Ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́, á gbé àga padà. Ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ bí kò ṣe tọ́, kò tún ní í pe ìrun mọ́.

"Mo gbà á gbọ́, Nji." Ohùn Mefire le. "Bí mo bá ti iná bọ ilé yín lọ́la, ṣé kádàrá lẹ ó pè é, tàbí ọlọ́pàá lẹ ó pè?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọlọ́run kọ ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gé pákó. Ọlọ́run kò ra fóòmù. Èmi ni mo gé e. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e sí gbogbo ọkọ̀ yín. Salifu ló ní kí Àwáwù wọlé, kó fún ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí egungun ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ́ tán, gbogbo wa sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí, a lọ fi orúkọ Ọlọ́run nu ọwọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wí Àmín. Nji, n kò tún wí i mọ́!"

Bó ṣe ń sọ ọ́, kò mọ̀ bóyá òun mọ gbogbo ohun tí kádàrá jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pákó. Ó mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì mọ ẹni tó gé e.

Ojú Nji pọ́n. "Kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi. Bó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, n kò fẹ́ rí abẹ́rẹ́ kan níbí." Ó kọjú sí Salifu. "De àga náà mọ́ ọkọ̀, kí o kó èrò. Bí o bá dé Bafusam, kí wọ́n gé àwọn ìwo yẹn kúrò."

Wọ́n de é mọ́lẹ̀. Èrò wọlé. Olóbì tó sanra yẹn, tó ti fi dẹ́rẹ́bà kékeré ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́, ti ara rẹ̀ wọlé lápá òsì bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó lé ìwo, ó sì fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀. "Yéè! Ta ló di àgbò mọ́ ibí?" Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tì í sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ kò gbà á, ó dúró de ọkọ̀ mìíràn, ó ń ṣépè. Ọkọ̀ Salifu gbéra pẹ̀lú ẹni mẹ́ta níwájú. Mefire ń wò ó títí ó fi yí kọ́nà. Kò yọ̀. Wọ́n máa gé ìwo náà ní Bafusam, ó mọ̀, ohun tó sì kù fún un kò ju kó máa di irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí ló jókòó sí pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè lé e lórí ilẹ̀ Nji, ilé Ọlọ́run ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbé àga wá bá a láti àárọ̀. Salifu ló kọ́kọ́ dé. Ó páàkì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Mefire na ọrùn wo inú ọkọ̀. Ìwo méjèèjì wà níbẹ̀. "Nji ní kí o gé wọn."

"Mo ti sọ fún Nji pé wẹ́dà ní irin ló wà nínú wọn. Pé bí wọ́n bá gé e, gbogbo àga á wó."

"Irin kò sí nínú wọn. Igi ni."

"Ṣé Nji mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Irọ́ lo pa!"

"Irọ́ kékeré ni, Bàbá." Salifu sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ìdí kan ṣoṣo wakọ̀. Ní Jímọ̀, mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò Nun, mo yí sítíárìn, ó ń yí, ó ń yí. N kò mọ̀ rí pé ó ń yí jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo páàkì sétí ọ̀nà, mo bọ́ sílẹ̀. Àwọn èrò ní kí ló dé. Mo ní mo fẹ́ tọ̀ ni."

Inú Mefire kò dùn pé irọ́ ló ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ òun dúró. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí ọ̀nà Rẹ̀ fi máa ń gba inú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Tíṣà," Salifu wí, ó dìde.

"Lọ kí i fúnra rẹ. Má gbé ọsàn lọ. Má gbé kádàrá lọ. Sọ fún un pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ ni."

Salifu dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó mi orí, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sáàárín ìwo méjèèjì, ó lọ.

Lẹ́yìn Àlàásárì, Mefire jókòó, ó ń ro iye ọkọ̀ tó ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú pákó rẹ̀ nínú. Ó ka mẹ́tàdínlógún, ó tún rántí ọ̀kan. Ó bínú sí iye náà. Ó bínú sí i pé òun lè kà wọ́n. Ó ṣí àpótí, ó mú ayùn, ó dìde.

Ọkọ̀ kan ń wọ gáréèjì bọ̀ láti Kutaba, ó kún fọ́fọ́, mẹ́rin níwájú. Dẹ́rẹ́bà kékeré rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó so gèlè aláwọ̀ ewé, ó ń jẹ ẹ̀pà, èjìká rẹ̀ ti yọ sójú fèrèsé, kò sí àyè fún un nínú. Ó mọ bàbá náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ọkọ̀ ṣe ń dúró, ó juwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú.

"Bàbá Mefire, ẹ kú iṣẹ́ o! Àga yín mà rọ̀ o!"

Mefire rìn dé ìdí ọkọ̀ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi," ó wí, ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀."